Àtẹ̀gùn Tí Èéfín Gbà

Ìsàlẹ̀ ilé ni iná Afriland Towers ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní Broad Street, nílùú Èkó. Àwọn panápaná ìpínlẹ̀ náà sọ pé yàrá ínfátà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló gbiná. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lókè nídìí iṣẹ́ wọn nínú ilé alájà mẹ́fà náà, kò sì pẹ́ tí èéfín fi gba inú ilé kan. Gbogbo ayé ló rí fídíò rẹ̀: àwọn ènìyàn ń fọ́ gíláàsì fèrèsé kí wọ́n lè rí èémí mí, àwọn kan bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì sáré gbé àkàbà wá. Ènìyàn mẹ́wàá ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀, mẹ́fà yòókù sì ń bá ilé-iṣẹ́ United Capital ṣiṣẹ́.

Iná wà nísàlẹ̀, ikú wà lókè. Ohun tó máa ń so méjèèjì pọ̀ nínú ilé gíga ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú àtẹ̀gùn kọjá. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ Èkó ni mò ń sọ. Ẹnuwá ló wà lọ́kàn mi, nílé Ifẹ̀ níbí.

Ẹ dúró níwájú ààfin Ọọ̀ni kí ẹ wo yíká. Ẹ rìn dé Ìrẹmọ, kí ẹ kọjá sí Lágere. Níbi tí ilé ilẹ̀ onípáànù wà tẹ́lẹ̀, ilé alájà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin ló ń dìde. Ìsọ̀ aláṣọ àti ti oní-fóònù nísàlẹ̀, ọ́fíìsì láàárín, ilé ìjọsìn tàbí kíláàsì àfikún ẹ̀kọ́ lókè. Gíláàsì aláwọ̀ dúdú àti àlùmíníọ̀mù bo iwájú rẹ̀. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo èrò ń gùn, ó sì máa ń wà ní kọ̀rọ̀, nítorí pé ojú ọ̀nà ni owó ìsọ̀ wà. Lábẹ́ àtẹ̀gùn náà ni jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo máa ń wà, tàbí báálì ọjà tí kò rí àyè nínú ìsọ̀. Mo ti gun irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé mo ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín páálí bàtà. Lókè pátápátá, ilẹ̀kùn irin tó yẹ kó jáde sórí òrùlé ní àgádágodo nídìí. Ilé wọ̀nyí kò ga tó ti Marina nílùú Èkó. Ṣùgbọ́n èéfín kì í dúró di ogún àjà kó tó pa ènìyàn.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ. Ọmọ ilé-ìwé mọ èyí, ṣùgbọ́n bó ti fúyẹ́ tó ni a kì í ronú sí. Afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga á wọn ju kílò kan lọ díẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá wà ní 30°C, bí ọ̀sán Ifẹ̀ ṣe máa ń rí. Bí iná bá mú un gbóná dé 600°C, tí kì í ṣe ohun àràmàǹdà nínú yàrá tó ń jó, ìwọ̀n tó bá ṣẹ́kù sínú àpótí náà kò ní ju nǹkan bíi 400 gíráàmù lọ. Ìyókù ti wú jáde, nítorí pé ó ti ń bèèrè àyè tó tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó gbà tẹ́lẹ̀. Kò lè gba inú yàrá mọ́. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn, á gba ihò kọ́kọ́rọ́, á gba ojú ibi tí wáyà iná ti la ògiri kọjá, á sì máa wá ibi tó lè gbà gòkè. Nínú ilé gíga, ibi tó rọrùn jù láti gbà gòkè ni ojú àtẹ̀gùn àti ihò lífítì.

Bó ti ń gòkè ló ń fa òmíràn tẹ̀lé ara rẹ̀. Ibi tó kúrò kì í ṣófo, afẹ́fẹ́ tútù láti ìta ló ń rọ́ wọlé dípò rẹ̀, ibi tó sì sún mọ́ ọn jù ni géètì ìsàlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ṣí kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá. Oúnjẹ iná ni afẹ́fẹ́ tútù yẹn. Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, wà níwájú ààfin ní Ẹnuwá, níbi tí Ọọ̀ni máa ń lọ nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, ìlú tó ń bọ Ògún kò sì lè ṣàìmọ ẹwìrì. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé ẹyín iná tó fẹ́ kú á tún pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá ti fún ẹwìrì. Ojú àtẹ̀gùn tó ṣí nísàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tún ń ríbi jáde lókè rẹ̀, ẹwìrì ni, àfi pé kò sí ọmọṣẹ́ nídìí rẹ̀. Iná fúnra rẹ̀ ló ń fún un. Bó bá ti ń jó sí i ni fífún náà ń le sí i.

Kò dìgbà tí iná bá ṣẹ́ kí èyí tó máa ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ìta tutù tí ara ògiri ilé ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti àná, ẹ ya tíṣù pélébé kan. Ẹ dì í mú ní àlàfo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀. Bí ìjì kò bá jà lóde, tíṣù náà á tẹ̀ sínú ilé. Ẹ gòkè lọ sí ilẹ̀kùn òrùlé, kí ẹ ṣe bákan náà, á tẹ̀ síta. Gbogbo ilé náà ló ń mí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo àjà, ìdàkejì ni yóò ṣe: afẹ́fẹ́ tútù inú ilé á wúwo ju ti ìta lọ, á máa rọ̀ sísàlẹ̀ gba ojú àtẹ̀gùn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó wà lábẹ́ àjà tó ń jó fọkàn balẹ̀ pé òun ti bọ́. Èéfín iná kékeré, tí kò tíì gbóná púpọ̀, lè bá afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn rìn kó sì bá a nísàlẹ̀. Bí iná bá ti wá lágbára tán, gbígbóná rẹ̀ á borí gbogbo èyí, ó di òkè.

Ibì kan tún wà ní agbedeméjì ilé tí afẹ́fẹ́ kì í ti wọlé tí kì í ti jáde. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ń kúrò nínú àwọn yàrá bọ́ sójú àtẹ̀gùn. Lókè ibẹ̀, ti ojú àtẹ̀gùn ló ń wọ inú yàrá. Nítorí náà, ẹni tó wà ní àjà kejì lè máa gbóòórùn èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tó wà lókè téńté má ríran mọ́. Ní ilé ìtura MGM Grand ní Las Vegas, ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1980, ìsàlẹ̀ ni iná ti jó. Ènìyàn 85 ló kú, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì wà ní àwọn àjà òkè ilé alájà 26 náà, níbi tí iná kò dé rárá. Ojú àtẹ̀gùn àti ihò lífítì ni èéfín gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo irú ìtàn báyìí ni ti Bronx ní New York, nítorí pé ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa ló pọ̀ nínú àwọn tó lọ. Twin Parks North West ni orúkọ ilé náà. Alájà 19 ni, àwọn ará Gambia sì fi ṣe ibùdó débi pé ẹbí àti ará abúlé kan náà ló ń gbé òkè àti ìsàlẹ̀ ara wọn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2022, òtútù ń mú gan-an lóde. Ẹ̀rọ amúlémóoru tó ń lo iná mànàmáná gbiná nínú ilé àwọn ẹbí kan ní àjà kejì sí ìkẹta. Àwọn tó wà níbẹ̀ sá jáde. Ilẹ̀kùn wọn kò padé lẹ́yìn wọn.

Òfin ìlú náà ni pé ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Èyí kò pa ara rẹ̀ dé. Iná náà kò kọjá inú ilé yẹn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ sójú àtẹ̀gùn, ó sì gòkè. Daniel Nigro, ọ̀gá àgbà panápaná New York nígbà náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan ní àjà kẹẹ̀ẹ́dógún náà wà ní ṣíṣí. Ẹ wá fi ohun tí a ti sọ wò ó. Ẹnu kan ṣí nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹnu kan ṣí lókè, ojú àtẹ̀gùn sì wà láàárín méjèèjì. Ènìyàn 17 ló kú. Ọmọdé ni mẹ́jọ nínú wọn. Èéfín ló pa gbogbo wọn, kì í ṣe iná.

Àwọn olùgbé ibẹ̀ sọ pé agogo ìkìlọ̀ iná ilé náà máa ń dún lásán lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tó dún lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ kò kọbi ara sí i. Nígbà tí wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn wọn wòde, èéfín ti dúró dè wọ́n lójú àtẹ̀gùn. Mi ò lè dá ẹni tó sá jáde lẹ́bi pé kò pa ilẹ̀kùn dé. Ta ló gbé ọmọ lọ́wọ́, tí iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò rántí yí ọwọ́ ilẹ̀kùn? Iṣẹ́ sípíríǹgì ara ilẹ̀kùn nìyẹn, pé kó rántí fún ẹni tí kò lè rántí. Onílé ló ni sípíríǹgì, onílé ló sì yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti Chicago yàtọ̀ díẹ̀, ó sì burú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2003, iná ṣẹ́ ní àjà kejìlá ilé ọ́fíìsì ìjọba Cook County. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn panápaná gba àtẹ̀gùn yẹn kan náà gòkè, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn àjà kejìlá láti bá iná jà. Ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí ni èéfín tú sójú àtẹ̀gùn. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ yí padà, wọ́n ń wá ilẹ̀kùn tí wọ́n á gbà kúrò. Àwọn ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn náà ti ara wọn pa lẹ́yìn wọn, kí ẹni tó bá ti bọ́ sójú àtẹ̀gùn má lè padà sínú àjà, nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà kú sójú àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá bi bíríkìlà tó dí ojú àtẹ̀gùn ilé wa, tó ki irin bọ̀ ọ́ lókè àti nísàlẹ̀, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: olè ni.

Grenfell Tower ní London, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé ló gbé iná gun òkè níta, ìtàn tirẹ̀ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ilé alájà 24 náà ní, kò fẹ̀ ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, àwọn panápaná ń gùn ún gòkè nígbà tí àwọn olùgbé ń gbà á sọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí rí i pé àwọn ilẹ̀kùn kan kò ní ohun tí yóò máa pa wọ́n dé, èéfín sì gba ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ojú àtẹ̀gùn. Aago mẹ́ta òru kù díẹ̀ kí wọ́n tó yí àṣẹ pé kí oníkálukú jókòó sínú ilé rẹ̀ padà. Èrò 72 ni wọ́n kà mọ́ òkú. Khadija Saye, ayàwòrán tí ìyá rẹ̀ wá láti Gambia, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi àfihàn ní Venice lọ́dún náà, wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èéfín ń ṣe nínú ara, nítorí pé àwọn kan ṣì gbà pé ẹni tó bá di imú rẹ̀ lè sáré la èéfín já. Gáàsì kan wà nínú èéfín tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń jẹ́ carbon monoxide, òun kan náà tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde tó ń pa ìdílé mọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fẹ́ràn gáàsì yìí ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí lọ, nítorí náà bó bá ti débẹ̀, kì í jẹ́ kí ọ́síjìn ráyè mọ́. Ọpọlọ á kọ́kọ́ dàrú, ẹsẹ̀ á tẹ̀lé e. Bí fóòmù àga tàbí ti bẹ́ẹ̀dì bá wà nínú ohun tó ń jó, májèlé mìíràn tó yá ju èyí lọ á kún un. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀ kò ríran, kò mọ iye ìpele tó kù, èémí díẹ̀ ló sì ní.

A kò ṣàìní tiwa kí Afriland tó dé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ni iná jó ilé gogoro ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ NET ní Marina, ilé tó ga jù nílẹ̀ yìí nígbà náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1985 ló kan Cocoa House ní Ìbàdàn, ilé alájà 26 tí a fi owó kòkó kọ́, tí gbogbo Yorùbá fi ń yangàn. Ó di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Lọ́dún méje yẹn, ẹni tó bá wọ Dùgbẹ̀ á gbójú sókè wo ara rẹ̀ tó dúdú. Mo rò pé a rántí àdánù owó inú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì dáadáa, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ béèrè bí afẹ́fẹ́ ṣe rìn nínú wọn.

Àwọn tó kọ́lé sí Ifẹ̀ ṣáájú wa mọ afẹ́fẹ́ lò. Agbo ilé àtijọ́ yí àgbàlá ká, àgbàlá kò sì ní ìbòrí. Yàrá kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí àgbàlá, ojú ọ̀run sì wà lókè rẹ̀. Èéfín tó bá jáde nínú yàrá ti bọ́ sóde nìyẹn, kì í wá ìyàrá ẹlòmíràn lọ. Iná lè jó òrùlé ewé, ó sì máa ń jó o, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ilé kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sí gbangba. Nígbà tí owó kòkó dé tí àwọn bàbá wa kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn pákó bọ́ sáàárín ilé, ní ìparí ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pákó ń jó, mi ò ní pe ìyẹn ní ohun tó dára. Síbẹ̀ fèrèsé tó ṣeé ṣí ń bẹ lórí àtẹ̀gùn náà, bálíkónì wà níwájú tí ènìyàn lè jáde sí láti ké.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti yunifásítì wa. Kò jìnnà sí Ẹnuwá. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, ló ṣètò ọgbà náà láti bí ọdún 1962 lọ. Ilé ẹ̀ka Humanities tó yà, èyí tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, gbogbo ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n. A máa ń yìn ín nítorí pé àjà òkè ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, oòrùn kì í sì í wọ kíláàsì. Mo fẹ́ kí ẹ wo àtẹ̀gùn rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn tí ẹ bá débẹ̀. Gbangba ni wọ́n wà. Ẹni tó ń gùn ún ń rí koríko, òjò sì lè ta sí i lẹ́sẹ̀ bí ìjì bá ń jà. Nítorí ooru ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀bùn mìíràn wà nínú rẹ̀. Èéfín kò lè kóra jọ sójú àtẹ̀gùn tí kò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jáde láti yàrá kan, afẹ́fẹ́ ìta á gbé e lọ. Ilé tí kò ga ju àjà mẹ́rin lọ, tó ní àtẹ̀gùn báyìí, kò nílò ẹ̀rọ kankan láti máa lé èéfín.

Ilé tó bá ga ju ìyẹn lọ ló ń nílò ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń fi fáànù ńlá fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta sínú ojú àtẹ̀gùn tí ògiri yí ká, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi le díẹ̀ ju ti inú àjà lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ní àlàfo, afẹ́fẹ́ mímọ́ ni yóò máa gba ibẹ̀ jáde, èéfín kò ní lè gba ibẹ̀ wọlé. Kò gba agbára púpọ̀. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2005 ní kí ìyàtọ̀ náà tó 50 Pascal, èyí tó dà bí ìgbà tí a bá tẹ́ ẹrù kílò márùn-ún sórí gbogbo mítà kan níbùú lóròó. Wọ́n sì fi òté lé e pé kò gbọ́dọ̀ le débi tí ọmọdé tàbí àgbàlagbà kò fi ní lè ti ilẹ̀kùn. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni ilẹ̀kùn tí wọ́n fi òkúta tì kó má padé. Ilẹ̀kùn méjì mẹ́ta tó bá ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára fáànù ti tán. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ tún fi ti NEPA kún un: fáànù tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, tí wáyà rẹ̀ kò yà kúrò lára ti ilé, kò ní ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀.

Àwọn panápaná pẹ̀lú lè gbé fáànù tiwọn wá. Ní oṣù kejì ọdún 2008, àjọ ìwádìí NIST ti Amẹ́ríkà àti àwọn panápaná New York dáná sun yàrá nínú ilé alájà méje kan tó ṣófo ní Governors Island, wọ́n sì wọn bí afẹ́fẹ́ àti ooru ṣe rìn. Bí ìjì bá ń fẹ́ wọ fèrèsé tó fọ́ nínú yàrá tó ń jó, tí ilẹ̀kùn yàrá náà sì ṣí, ooru tí ẹnikẹ́ni kò lè fara dà á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ojú àtẹ̀gùn láìpẹ́ rárá. Fáànù tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ṣèrànwọ́ láti ti èéfín padà, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè borí ìjì, bí ilẹ̀kùn àwọn àjà yòókù bá sì wà ní pípadé ló ń wúlò.

Ilẹ̀kùn ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí a ṣáà dá ihò sókè àtẹ̀gùn, ó parí. Ihò òkè dára. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí fèrèsé tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó wà lórí àtẹ̀gùn kí èéfín lè jáde. Ṣùgbọ́n ihò òkè tí kò ní ilẹ̀kùn lórí àjà kọ̀ọ̀kan ni ẹwìrì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: á fa èéfín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àjà kó tó tú u síta. Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń dá èéfín dúró síbi tí iná wà. Ihò òkè ló ń kó ìwọ̀nba tó bá jò jáde kúrò.

Ní Ẹnuwá, fún ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mo mọ ohun tí mo máa sọ fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́. Ẹ gbé àtẹ̀gùn sí ara ògiri ìta. Ẹ má fi gíláàsì bò ó, búlọ́ọ̀kù oníhò tí àwọn bíríkìlà ń pè ní fánsì ni kí ẹ tò sí i láti ìsàlẹ̀ dókè. Olè kò lè gba ibẹ̀ wọlé, èéfín sì lè gba ibẹ̀ jáde. Ẹ fi ilẹ̀kùn onígi líle tó ní sípíríǹgì sáàárín àtẹ̀gùn àti àjà kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ ti dúró tán, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn lónìí, pẹ̀lú epo rẹ̀ àti bátìrì ínfátà, kí ẹ kọ́ ilé tirẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé. Ẹ kó páálí kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ yọ àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn òrùlé, kí ẹ fi ìdè tí a lè fọwọ́ ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́ rọ́pò rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ju agbára ẹni tó rí owó kọ́ àjà mẹ́ta.

Àwọn tó ń háyà yàrá lókè kò ní agbára lórí èyíkéyìí nínú ìyẹn, tiwọn ni mo sì fẹ́ sọ kẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ rí i pé èéfín ti gba ojú àtẹ̀gùn, ẹ má bọ́ sínú rẹ̀, ẹ má sì gòkè bí kò bá dá yín lójú pé ilẹ̀kùn òrùlé ṣí. Ẹ padà sínú yàrá, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ rẹ aṣọ sómi kí ẹ fi dí abẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí fèrèsé tó kọjú sí títì, kí ẹ ṣí i, kí ẹ jẹ́ kí àwọn èrò ìsàlẹ̀ rí yín. Bí èéfín bá ń ti ìta wọlé, ẹ tún un pa. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112. Ẹ sọ àjà tí ẹ wà fún wọn, ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ ilé tí fèrèsé yín kọjú sí, kí ẹ sì sọ iye ènìyàn tó wà pẹ̀lú yín.